Mo Fọwọ́ Sí I Pé Ó Nílé, Mo sì Tilẹ̀kùn Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, èmi náà máa ń kà á. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti máa ń kà á, bí n ò bá ní iṣẹ́ kánjúkánjú lọ́wọ́. Màá ka ohun tí ẹlòmíràn ṣe, màá pòṣé, màá ní, "Irú èèyàn wo rèé? Àbí orí rẹ̀ dàrú ni?" Ó wá kàn mí báyìí. Ẹ pòṣé tèmi náà bó bá ṣe wù yín, n ò ní bínú.

Aránṣọ ni mí. Awakọ̀ ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí láyé mi, obìnrin ni. Òun ni àkọ́bí, òun náà ni àbígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Àkọ́bí la ń pè é títí dòní.

Nígbà tí Àkọ́bí lọ sí ilé ìwé tó jìnnà, ilé dákẹ́ jù fún wa. Ọkọ mi ló ní ká lọ bá àjọ tó máa ń wá ilé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò sí, tàbí tí òbí wọn wà ṣùgbọ́n tí wọn ò lè tọ́ wọn. Bí a ṣe di alágbàtọ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n mú wá fún wa. Ilé mẹ́rin ló ti gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ tó dé, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni kí n gbé báàgì mi sí tí kò ní dí yín lọ́wọ́?"

Mo ní, "Inú yàrá rẹ ni."

Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwé ló máa ń kà ṣáá. Bó bá ń jẹun, ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bó bá ń bá mi rán bọ́tìnnì, ìwé wà lórí itan. Ọkọ mi wá sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, wá bá mi wá gíláàsì mi!" "Bàámi, ó wà lójú yín." Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe ara wọn. Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kó tó pe èmi ní Màámi. Bó ṣe pè é tán, ó sá wọ bálùwẹ̀. Èmi sunkún sórí aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ náà, mo tún ní láti fọ̀ ọ́.

Bí ọmọ bá ti pé ọdún méjìdínlógún, ọwọ́ àjọ ti kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Arábìnrin tó ń bójú tó ìwé wa wá sílé, ó ní, "Mà, kì í ṣe dandan fún yín láti tọ́jú rẹ̀ mọ́ o."

Mo dá a lóhùn pé, "Dandan wo? Ṣé dandan ni wọ́n fi ń ṣe ìyá ọmọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tó wá wọn aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ èyí ná: mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní èèyàn rere. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ yunifásítì, ó ń kọ́ṣẹ́ apoògùn. Ìrìn wákàtí kan ni láti ilé wa. Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, àwọn ọmọ àgbàtọ́ tí wọn ò ní ẹni tí wọ́n máa sá bá bí nǹkan bá le. Obìnrin kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò ló ń ṣe olórí ibẹ̀. Ìyá Onígíláàsì ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ní ìparí ọdún kejì Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo lọ mú ẹ̀wù iṣẹ́ tí mo rán fún un lọ sílé ìwé. Ìyá Onígíláàsì ní ká wọlé sí ọ́fíìsì òun. Ó ní ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ń bọ̀, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló máa tì pa. Yàrá mẹ́wàá péré ni ilé ìwé máa ń ṣí sílẹ̀, fún àwọn ọmọ tí kò ní ibi tí wọ́n máa lọ. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà ní àkọ́kọ́ lórí ìwé.

Ó ní, "Ó ní ìdánwò kan tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ti ìgbà tí ibà gbé e dè yẹn. Ọjọ́ tí ìsinmi bá parí ni wọ́n máa ṣe é. Bó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ apoògùn. Ó nílò ibi tó dákẹ́ tó ti máa kàwé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. Ara mi gbóná. Èmi, ẹni tó ń rán aṣọ fún ìyàwó àwọn èèyàn ńlá, wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé aláìnílé!

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, aláìnílé ta ni? Ìyá rẹ̀ rèé níwájú yín. Ẹ fún aláìnílé ní yàrá yín."

"Ẹ má bínú, mà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé ó nílé, ẹlòmíràn ni yàrá yẹn máa bọ́ sí lọ́wọ́ lónìí, kò sì sí òmíràn mọ́. Kò burú ká fi sílẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ. Nígbà míì, nǹkan máa ń yí padà."

"Bóyá nílé tiyín ni nǹkan ti máa ń yí padà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Mo fọwọ́ sí i bíi kí bírò ya ìwé. Nígbà tí a bọ́ síta, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan òun, di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣeun."

"O ń dúpẹ́ kí ni? Ìwọ ọmọ yìí!"

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Àkọ́bí pè mí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ ibí yìí. Ọdún mẹ́rin ni Àkọ́bí ò ti sùn nílé wa. Bó bá wá, á kí wa, á jẹun, á ní ọkọ òun ń retí òun. Bí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn ló wá pè, tó ń sunkún lórí fóònù. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, iṣẹ́ ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ẹ̀rù ń bà á.

"Màámi, ṣé mo lè wá bímọ sọ́dọ̀ yín? Kí n tiẹ̀ gbé tó oṣù kan àti ààbọ̀?"

Mo dìde lórí àga, mo jókòó, mo tún dìde. "Ṣé o ń bi mí ni? Àbí o fẹ́ kí n wá gbé ọ fúnra mi?"

Ó ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Mi ò fẹ́ bá a nílé."

"Àkọ́bí, kí ló fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Màámi. Ìgbà tí mo dé láti ilé ìwé, aṣọ rẹ̀ ni mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Bí mo bá pè yín, 'Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ipò kìíní, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe báyìí.' Mo yege tèmi náà, ẹ ò rántí béèrè. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é lóore. Lẹ́ẹ̀kan péré yìí ni mo fẹ́ kí n nìkan jẹ́ ọmọ yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un, ó máa yé e. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò burú, màá lọ bá ìyá ọkọ mi."

N ò lè dá a lẹ́bi nítorí òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rán aṣọ tí mo ń tú u. Mo rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ibi ọrùn. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro rárá. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ò tíì tì. Kí n gbé fóònù, kí n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, báyìí báyìí ló rí," kí n pe Ìyá Onígíláàsì, kí n ní, "Mà, ẹ dákun, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe." Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà mí.

Ṣùgbọ́n kí n lọ sọ fún obìnrin yẹn pé nǹkan ti yí padà? Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo ya sí i? Bí mo bá ti gbé fóònù, mo máa ń rí ẹ̀rín kékeré yẹn lójú rẹ̀. Mo sì rò ó pé Ọ̀jọ̀gbọ́n máa gbọ́ "kò sí àyè" lẹ́nu mi, èmi tí mo bú àwọn ilé mẹ́rin yẹn lójú rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. N ò fẹ́ kí n di ilé karùn-ún. Mo fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tún máa pè mí ní èèyàn rere. Ìyẹn ni mo ṣe pa irọ́.

Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ o. Òrùlé ilé ti jẹrà. Káfíńtà ti ṣí gbogbo páànù kúrò. A ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bàámi rẹ, ibẹ̀ ò sì gbà wá dáadáa. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó parí ẹ̀."

"Gbogbo òrùlé?"

"Gbogbo ẹ̀. Ojú ọ̀run là ń wò láti pálọ̀."

"Ha! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màámi. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ńkọ́? Ṣé ẹ gbé e dání?"

"Rárá, ó wúwo. Ó wà ńlẹ̀ níbẹ̀, a fi aṣọ bò ó."

Ẹ wò ó, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Mo wá ní kó má pe Bàámi rẹ̀, pé fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Ibo lo máa gbé?"

Ó ní, "Ẹ má ronú tèmi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan."

Mo mọ̀ pé kò ní ọ̀rẹ́ tó lè gbà á sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá tó tọ́ ọmọ máa mọ̀ bó bá ń purọ́. Ṣùgbọ́n mo di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́, àbí? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n gba yàrá nílé ìwé, kó lè kàwé dáadáa, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lọ́wọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò.

Ó ní, "Hẹn? Kò tiẹ̀ sọ fún mi."

"Ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ sọ fún ọ ni?"

Ó gbà, nítorí kì í ṣe ẹni tó máa ń rò pé wọ́n ń purọ́ fún òun. Mo kó aṣọ àti ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo dì wọ́n sínú àpò méjì, mo fi wọ́n sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Àkọ́bí dé. Ó bí ọmọbìnrin láyọ̀ ní ilé ìwòsàn. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mò ń wẹ ọmọ, mò ń kọrin, mò ń fún ìyá ọmọ lóúnjẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àkọ́bí gbé orí lé èjìká mi bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá wá sí mi lọ́kàn, màá ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀." N ò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀sán Sátidé, ọkọ Àkọ́bí àti ìyá rẹ̀ wá wo ọmọ. Òjò ò tíì dá. Pálọ̀ kún, ẹ̀rín ń lọ, ọkọ mi gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́tò. Àna mi ń yìn mí. Ó ní òun gbádùn bí mo ṣe fi gbogbo ara tọ́jú ìyàwó ọmọ òun.

Mo ní, "Mà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyí. Ta ni kí n tún tọ́jú?"

Kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo gbọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ibi tí àwa ará ilé máa ń gbà wọlé.

"Màámi! Wọ́n ti parí ẹ̀! Mo rí páànù láti ìta, mo ní ha, àwọn káfíńtà yìí mà yára o!"

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ kó tó rí wa tán. Omi ń kán láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó gbé ọ̀rá ńlá kan sí èjìká, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń bo ọjà nígbà òjò. Ó ti ká a, ó fi okùn dì í. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

Ojú rẹ̀ lọ sára ọmọ tuntun, ó lọ sára Àkọ́bí tó wọ aṣọ ilé, ó lọ sókè sí àjà tó gbẹ táútáú. Mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀.

Àna mi ní, "Yéè, òjò ti pa ọmọ ọlọ́mọ! Ta nìyí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní.

Mo ní, "Oníbàárà mi ni, mà. Aṣọ rẹ̀ ló wá gbà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò mí. Kò pẹ́, kò ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rọra sọ ọ̀rá náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé.

Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ káàsán sà. Mo ní kí n kàn yà wò ó bóyá aṣọ mi ti parí ni."

Mo ní, "Kò... kò tíì parí."

"Kò burú, mà. Ẹ má kánjú." Ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi. "Ẹ kú oríire o. Ọmọ náà rẹwà."

Ó sì jáde. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, kí ọmọ má baà jí.

Ọkọ mi ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ là. "Oníbàárà?" Ó gbé ọmọ lé ọkọ Àkọ́bí lọ́wọ́, ó sáré jáde láìwọ bàtà. A gbọ́ ọ bó ṣe ń pè é lójú títì, "Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọ̀jọ̀gbọ́n o!" Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, nínú òjò. Nígbà tó padà dé, ó dúró sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, omi ń ṣàn lára rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti lọ. Òrùlé wo ló ń sọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ.

"Ìyá Àkọ́bí, mo ní òrùlé wo?"

Iwájú àna mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde lẹ́nu mi, láti orí káfíńtà títí dé orí fóònù tó bọ́ sómi. Àkọ́bí ló wá bú sẹ́kún.

"Mo ní kí ẹ sọ òótọ́ fún un! Mo rò pé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀! Màámi, mi ò ní kí ẹ sọ ọmọ yẹn nù!"

Àna mi kàn nawọ́ gba ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e mọ́ra.

Ọkọ mi tú okùn ara ọ̀rá náà. Ó fẹ̀, ó tó bo ẹ̀rọ, ó tó bo tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó tún kù. Ó ní, "Ẹ̀rọ rẹ ló wá bò." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, bí a bá pe nọ́ńbà rẹ̀, kò wọlé. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti ń mọ́ la wà níwájú Ìyá Onígíláàsì. Mo ti múra pé kó bú mi. Kò bú mi.

Ó ní, "Yàrá tí wọ́n ti ń fọṣọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń gbé láti ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́dẹ ló ṣàánú rẹ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá ọlọ́dẹ rí i, tí wọ́n lé e jáde."

Ọkọ mi ní, "Ọjọ́ Ẹtì? Ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ bá mi rò ó. Lọ́jọ́ tí ọmọ yìí lọ yá ọ̀rá lọ́wọ́ ọlọ́jà láti wá bo ẹ̀rọ mi, òun fúnra rẹ̀ kò ní ibi tó máa sùn.

Mo ní, "Kí ló dé tí kò wá bá yín?"

"Ó wá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Mo ní kí n pè yín. Ó bẹ̀ mí pé kí n má pè yín, pé wàhálà òrùlé ti pọ̀ fún yín." Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Mà, orúkọ rẹ̀ ló wà ní àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín fagi lé e. N ò ní yàrá kan mọ́ tí mo lè fún un."

Ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni obìnrin náà bá a wá iṣẹ́ sí lálẹ́ Sátidé. Á máa fọ àwo, á máa pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fún un ní ibi tó máa sùn. Ibẹ̀ la ti lọ bá a. Ilé ìdáná ló wà, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀, abọ́ sì tò gègèrè níwájú rẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà lórí wíńdò, ó pa dé.

Èmi kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà, lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ó sáré fà mí dìde.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò bínú."

Ó pè mí ní mà. Kò fi ṣe àrífín, bó ṣe máa ń pe gbogbo àgbà ni.

Mo ní, "Bínú! Bú mi! Wá ká lọ sílé. Àkọ́bí gan-an ló ní kí n mú ọ bọ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ nǹkan tó dùn mí? Ẹ bá kàn sọ fún mi pé kò sí àyè. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nílé mẹ́rin, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Màá ti ní kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ mi wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin... mo gba tiyín gbọ́. Mo sọ fún àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì pé mò ń lọ sílé." Ẹnìkan pè é láti inú lọ́hùn-ún pé oúnjẹ àwọn àgbà ti ń tutù. Ó nu ọwọ́, ó fi orúnkún kí wa, ó lọ.

Ó ṣe ìdánwò náà. Máàkì mẹ́ta ló fi kùnà. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ apoògùn. Ìyá Onígíláàsì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé ìwé ní òfin ni òfin. Ọdún kejì rèé, ó ṣì wà nílé àwọn arúgbó yẹn. Ọkọ mi máa ń lọ kí i lóṣooṣù, wọ́n á jókòó síta, á máa ṣe ẹ̀fẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Èmi lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń gbé àga fún mi bí àlejò.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, tí ọmọ náà ti wà ní ilé ìwé gíga báyìí, ẹ gbọ́ tèmi. Òun náà nílò ibi tó máa lọ bí ìsinmi bá dé. Bí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kó wà. Bí kò bá sí, ẹ là á mọ́lẹ̀ fún un ní kùtùkùtù, kó lè wá ibòmíràn. Ẹ má tìtorí orúkọ rere fi ilé tí ẹ ò ní ṣí sílẹ̀ ṣe ìlérí.

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ọkọ mi tún kọ̀wé sí àjọ pé a lè gba ọmọ mìíràn. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo rò pé bí mo bá tún ọ̀kan tọ́ dáadáa, ọkàn mi á fúyẹ́. Arábìnrin tó ń bójú tó ìwé wa nígbà yẹn náà ló wá, pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Ó ní òfin wọn ni pé kí ọmọ tó ti gbé ilé náà rí kọ nǹkan díẹ̀ nípa ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti kọ tirẹ̀ ránṣẹ́.

Ó ní, "Ó kọ nǹkan tó dáa nípa yín o. Ẹ jẹ́ n kà á." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Ilé náà mọ́. Wọn kì í na ọmọ. Bàbá máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Màmá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ránṣọ, wọn ò sì fi oúnjẹ dù mí rí. Ẹ lè gbé ọmọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n sáà sọ ọjọ́ tó máa parí fún ọmọ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.'"

Arábìnrin náà gbójú sókè. "Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni ò yé mi. Kí ló ní lọ́kàn, mà?"

Ọkọ mi ò wo ibì kankan bí kò ṣe ojú mi. Mo la ẹnu, "n ò mọ̀" ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti ṣe tán láti jáde. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo gbé e mì. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, n ò fi ọ̀kan pamọ́.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó pa fáìlì dé, ó ní àwọn máa pè wá. Wọn ò tíì pè.